"Àwẹ̀ àjọgbà" tàbí "àwẹ̀ ìlú"?

A ń wá orúkọ Yorùbá fún ta'anit tzibbur, àwẹ̀ tí àwọn Júù ń kéde fún gbogbo èèyàn nígbà ìṣòro. Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní kí a máa pè é ní "àwẹ̀ àjọgbà". Ó dùn létí, àmọ́ kò yà á sọ́tọ̀. Àjọgbà ni Ràmàdáánì, àjọgbà ni Yom Kippur (Ọjọ́ Ètùtù àwọn Júù), àsìkò méjèèjì sì ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Eléyìí kò ní ọjọ́ tirẹ̀. Ọ̀dá, eṣú, ogun tàbí àjàkálẹ̀ àrùn ló ń fà á, ilé ẹjọ́ ló sì ń kéde rẹ̀.

Ẹ wo bí Mishnah, àkójọ òfin àtẹnudẹ́nu àwọn Júù, ṣe tò ó. Bí ọjọ́ 17 oṣù Marcheshvan bá dé tí òjò kò rọ̀, àwọn èèkàn díẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gba àwẹ̀ mẹ́ta. Bí oṣù Kislev tó tẹ̀ lé e bá lé láìsí òjò, ó kan gbogbo ìlú: Ajé, Ọjọ́bọ̀, Ajé. Lẹ́yìn ìyẹn, mẹ́ta mìíràn, tí wọ́n á ti ṣíwọ́ oúnjẹ kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ tó ṣáájú, tí wọ́n á sì ti ilé ìwẹ̀ pa. Lẹ́yìn náà, méje: mẹ́tàlá fún ìlú lápapọ̀. Nínú méje yìí ni wọ́n ti ń fun ìwo àgbò, tí wọ́n ń gbé àpótí Tórà lọ síta gbangba, tí wọ́n ń da eérú lé e. Wọn kì í fi Ọjọ́bọ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ọjà má baà gbówó lórí.

"Àwẹ̀ ìlú" ni mo fara mọ́, torí ìlú ni òṣùwọ̀n. Ìlú tó lè kó 500 ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ jáde, bí òkú mẹ́ta bá jáde níbẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ léra, àjàkálẹ̀ ti dé nìyẹn. Ìlú náà á gbààwẹ̀, á fun ìwo. Àwọn ará àyíká á gbààwẹ̀ láì fun ìwo. (Rábì Akiva ní òdì kejì ni.) Ìlú lẹ́nu wa sì kọjá ilẹ̀ àti òrùlé, a máa ń ní "ìlú ti fọhùn".

Ẹni tó mú "àwẹ̀ ìpọ́njú" wá kò ṣìnà pátápátá: ìpọ́nnilójú ló wà nídìí ta'anit, bí Bíbélì wa ṣe ní "pọ́n ọkàn yín lójú". Ṣùgbọ́n ìpọ́njú tó dé bá ni létí Yorùbá á gbọ́, kì í ṣe èyí tí èèyàn fi jẹ ara rẹ̀.

Èyí tó kù ni ọ̀rọ̀ ìṣe tí a ó lò bí àwẹ̀ náà bá dópin láàárín ọ̀nà. Ní ìlú Lod, wọ́n ń gba irú àwẹ̀ yìí lọ́wọ́, òjò dé kí ọ̀sán tó pọ́n. Rábì Tarfon ní kí wọ́n lọ jẹ, kí wọ́n mu, kí wọ́n ṣọdún. A ò lè pè é ní "ṣínu", wọn ò gbà á parí. "Ba àwẹ̀ jẹ́" sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Mo dábàá "tú àwẹ̀", bí a ṣe ń tú ìpàdé.