Orúkọ wo ló yẹ “overclocking”: àsápajúdé, ìkọjá aago, ìfinákún, àbí ìmúlùyá?

Orúkọ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ báyìí fún ohun tí wọ́n ń pè ní overclocking, ìyẹn ni kéèyàn wọ inú BIOS lọ, ìyẹn ètò orí mọ́dàbọ́ọ̀dù (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́) tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó dé, kó sì mú kí prọ́sẹ́sọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, yára ju bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣe gbé e kalẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n wa kan dá “ìsáré àsápajúdé” lábàá. Ẹlòmíì ní kí a pè é ní “ìkọjá aago” ní tààrà. Ẹnì kẹta ní “ìfinákún” ti tó, torí pé iná ni wọ́n ń fi kún un. Mo ka àlàyé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mi ò sì fara mọ́ ìkankan. Inú iṣẹ́ náà gan-an ni mo ti fẹ́ mú ìdí rẹ̀ wá, nítorí pé orúkọ tí a bá fi lélẹ̀ ni ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ yóò gbé sọ́kàn nígbà tó bá dé iwájú BIOS, tí ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí nọ́ńbà tó lè ba nǹkan jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú “ìkọjá aago”. Aago kan wà nínú kọ̀ǹpútà lóòótọ́: krístálì kékeré kan tó ń gbọ̀n nígbà 32,768 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, tí bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 ń bọ́ nígbà tí iná bá lọ. Òun ló ń sọ ọjọ́ àti àkókò fún wa, ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú BIOS ló sì máa ń wà. Ẹni tó bá ka “ìkọjá aago” nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà, ibẹ̀ ni yóò kọjú sí. Bẹ́ẹ̀ ohun tí à ń sọ kò kan aago yẹn rárá. Bí prọ́sẹ́sọ̀ bá ń sáré ní ìlọ́po méjì, aago mẹ́ta ọ̀sán kò ní tètè lù.

Ohun tó ń yá ni ìlù. Prọ́sẹ́sọ̀ kì í gbẹ́sẹ̀ láìsí ìlù. Bí ìlù kan bá ti dún ni iṣẹ́ inú rẹ̀ sún síwájú. Mọ́dàbọ́ọ̀dù ló ń pèsè ìlù ìpìlẹ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ 100 MHz, ìyẹn mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Prọ́sẹ́sọ̀ wá ń sọ ìlù yẹn di púpọ̀ nípa ìlọ́po tirẹ̀. Prọ́sẹ́sọ̀ Core i5-10600K tí Intel gbé jáde ní 2020 ní core mẹ́fà, ìyẹn ẹ̀ka mẹ́fà tó lè dá ṣiṣẹ́; bí gbogbo wọn bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ìlọ́po 45 ni ètò ilé iṣẹ́ máa ń gbà wọ́n láyè dé. 100 lọ́nà 45 jẹ́ 4,500 MHz, ìyẹn 4.5 GHz. Ẹ yí 45 sí 49, ó di 4.9 GHz. Gbogbo overclocking kò ju ìyẹn lọ: a mú ìlù yá. Bí àwọn onílù ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ tí mo sì mú wá ni “ìmúlùyá”, tí a ṣẹ̀dá gẹ́gẹ́ bí “ìmúláradá” ṣe jáde láti inú “mú lára dá”.

Àtakò tó lágbára jù sí ọ̀rọ̀ yìí ni pé prọ́sẹ́sọ̀ òde òní ń yára fúnra rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá dé. I5-10600K yìí kan náà lè dé 4.8 GHz fún ìgbà díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ṣé ìyẹn náà kì í ṣe ìmúlùyá ni? Kì í ṣe òun. “Mú” inú ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí ẹni tó fà á. Èyí tí prọ́sẹ́sọ̀ ń ṣe nínú àyè tí ilé iṣẹ́ fún un, ìlù ló yá, kò sẹ́ni tó mú un yá. Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ kí a pe ìyẹn ní “ìyálù”, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yẹra fún un. Ẹni tó bá kà á kíákíá yóò pè é ní ìyáàlù, ìlù dùndún ni yóò sì wá sí i lọ́kàn.

“Ìfinákún” ni mo fẹ́ bá jà jù, torí òun ló lè ba dúkìá èèyàn jẹ́. Ìlù lọ́tọ̀, fóltéèjì, ìyẹn agbára tó ń ti iná, lọ́tọ̀. Ní 1998, prọ́sẹ́sọ̀ Celeron 300A ti Intel jáde pẹ̀lú ìlọ́po 4.5 tí kò ṣeé yí, lórí ìlù ìpìlẹ̀ 66 MHz. Àwọn tó mọṣẹ́ gbé ìlù ìpìlẹ̀ náà sí 100 MHz, 300 sì di 450. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò béèrè iná tó ju ti ilé iṣẹ́ lọ. Lóde òní ẹ̀wẹ̀, àwọn prọ́sẹ́sọ̀ Ryzen 5000 ti ilé iṣẹ́ AMD ní ètò kan nínú BIOS tó ń jẹ́ “Curve Optimizer”. Ẹ fi nọ́ńbà òdì sí i, bíi -15, fóltéèjì yóò dín kù, prọ́sẹ́sọ̀ yóò tutù díẹ̀, ìlù rẹ̀ yóò sì yá sí i nítorí pé àyè ooru ti ṣí sílẹ̀. A dín iná kù, ó wá yára sí i! Kí ni ẹni tó gba “ìfinákún” fẹ́ pe èyí?

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Iye iná tí prọ́sẹ́sọ̀ ń jẹ ń tẹ̀lé ìlù ní ẹ̀ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ó ń tẹ̀lé fóltéèjì ní ẹ̀ẹ̀mejì, torí fóltéèjì lọ́nà fóltéèjì lọ́nà ìlù ni. Bí ẹ bá gbé 4.5 GHz sí 5.0 láìfọwọ́ kan fóltéèjì, ooru á fi bí ìdá mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún lé. Bí ẹ bá gbé fóltéèjì láti 1.20 sí 1.35 pẹ̀lú rẹ̀, ó di ìdá mọ́kànlélógójì. Fóltéèjì ló ń jó nǹkan, òun náà ló ń mú kí prọ́sẹ́sọ̀ gbó ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ ní orúkọ méjì: “ìmúlùyá” fún ìlù, “ìfikún fóltéèjì” fún ti iná. Mo fi fóltéèjì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé ẹnu gbogbo rewáyà ló ti wà.

Ohun kan náà ló mú kí n má fara mọ́ “àsápajúdé”, pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tí mo ní fún ẹ̀gbọ́n tó mú un wá. Ẹni tó ń sáré àsápajúdé kò wo ọ̀nà. Ìmúlùyá tí a bá ṣe bó ṣe yẹ, wíwò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ̀rí mìíràn tún wà: ní 2024, ó hàn gbangba pé àwọn kan nínú prọ́sẹ́sọ̀ ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá ti Intel ń bàjẹ́ lórí tábìlì àwọn èèyàn tí kò yí ohunkóhun padà. Intel fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé fóltéèjì tó ga jù ni prọ́sẹ́sọ̀ ń béèrè, wọ́n sì gbé àtúnṣe 0x129 jáde ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Kò sẹ́ni tó sáré níbẹ̀, síbẹ̀ nǹkan bàjẹ́. Bí ìkìlọ̀ sì ni ẹ̀gbọ́n wa fẹ́ kí orúkọ náà gbé, ó ti wà nínú ìlù tẹ́lẹ̀: ìlù tó bá dún àdúnjù, yíya ló ń ya.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ọ̀rọ̀ náà ṣiṣẹ́ ká wò ó. i5-10600K náà ni, lórí mọ́dàbọ́ọ̀dù Z490. Lẹ́tà K ló ń sọ pé ìlọ́po prọ́sẹ́sọ̀ yẹn ṣí sílẹ̀; Z ló ń sọ pé bọ́ọ̀dù gbà kí a yí i. H410 àti B460 kò gbà. Ní ti Ryzen, ìlọ́po ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ló ṣí sílẹ̀, B550 àti X570 sì gbà, A520 kò gbà.

Kí a tó fọwọ́ kan nǹkan, a ó fi HWiNFO64, ètò tó ń fi ooru hàn, wo prọ́sẹ́sọ̀ nígbà tí Cinebench, ètò tó ń fún un níṣẹ́ tó sì ń fún un ní máàkì, bá ń sáré fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ètò ilé iṣẹ́. Bó bá ti kọjá 80°C níbẹ̀, kúlà tó ń mú prọ́sẹ́sọ̀ tutù kò tó, kò sì sí ìmúlùyá kankan láti ṣe títí a ó fi pààrọ̀ rẹ̀. (i5-10600K kì í bá kúlà wá nínú páálí. Ẹni tó bá ń de kúlà tuntun, kó rántí bó náílọ́ọ̀nù tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Pééstì, èyí tó ń gbé ooru lọ sínú kúlà, tó tó hóró ẹ̀wà kan láàárín ti tó.) A ó wá tún kọ̀ǹpútà tàn, a ó máa tẹ Delete tàbí F2 títí BIOS yóò fi ṣí, a ó fi fóònù ya gbogbo ojú ìwé bó ṣe wà. Lórí bọ́ọ̀dù ASUS, inú “Ai Tweaker” ni ìlọ́po wà: “CPU Core Ratio” sí “Sync All Cores”, kí a sì kọ 47. Fóltéèjì kò gbọ́dọ̀ wà ní “Auto”, torí bọ́ọ̀dù sábà máa ń dá iná tó pọ̀ jù sí i kí kọ̀ǹpútà má bàa dákú. Ẹ gbé e sí “Manual Mode”, kí ẹ kọ 1.250. Ẹ pa XMP ná, ìyẹn ètò tó ń mú RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà) yára, kí ẹ lè mọ ẹni tó jẹ̀bi bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ìlù ìpìlẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ ní 100, nítorí RAM náà ń jó sí i. Lórí àwọn prọ́sẹ́sọ̀ Intel ti ọdún 2011, dísíìkì pàápàá ń jó sí i, fáìlì sì lè bàjẹ́.

F10 láti pa á mọ́, kí ẹ wá fi OCCT tàbí Prime95, àwọn ètò tó ń fún prọ́sẹ́sọ̀ níṣẹ́ líle, dán an wò fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bó bá yè, ẹ fi ẹyọ kan kún ìlọ́po. Bó bá dákú, ẹ fi fóltéèjì 0.010 sí 0.020 kún un, kí ẹ tún dán an wò. Ibi tí mo máa ń ní kéèyàn dúró ni 1.35 tàbí 85°C, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Bí ẹyọ ìlọ́po kan ṣoṣo bá ń béèrè ju 0.05 lọ, ẹ padà sẹ́yìn. Èrè ibẹ̀ kò tó ooru rẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá dúró, ẹ jẹ́ kí ìdánwò náà sáré fún wákàtí púpọ̀ kí ẹ tó gbé iṣẹ́ gidi lé e.

Bí kọ̀ǹpútà bá dákú láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, tí ooru kò tíì gòkè, fóltéèjì ló ṣaláìtó. Bó bá pẹ́ kó tó dákú, tí ooru sì ń gun òkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀, kúlà ni kí ẹ wò. Bí kò bá dákú, àmọ́ tí máàkì Cinebench lọ sílẹ̀, ó ti kan 100°C, ó sì ń fa ìlù ara rẹ̀ sẹ́yìn. Èyí tó burú jù ni èyí tí kò pariwo: gbogbo nǹkan dà bíi pé ó dára, ṣùgbọ́n “Event Viewer”, ìwé àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ inú Windows, kún fún WHEA-Logger 19. Àṣìṣe tí prọ́sẹ́sọ̀ ń tún ṣe fúnra rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ tí kò bá rí ọ̀kan tún ṣe, fáìlì yín ni yóò san án. Bí ojú rẹ̀ bá dúdú, tí fáànù kàn ń yí, ẹ pa á, ẹ fa okùn iná yọ, kí ẹ fi ẹnu síkúrúdíráfà kan irin méjì tí wọ́n kọ CLRTC tàbí CLR_CMOS sí lára fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Ètò ilé iṣẹ́ yóò padà, a ó sì tún ọjọ́ àti àkókò tò. Níbi kan ṣoṣo yìí ni aago ti bá ọ̀rọ̀ ìmúlùyá pàdé.

Fún àwa tí a wà nílé, ó yẹ kí àlàyé tó bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí sọ èyí: ooru yàrá ni a ń fi ìpìlẹ̀ ooru prọ́sẹ́sọ̀ lé. Nọ́ńbà tí ẹni tó wà nínú yàrá 22°C ní Jámánì kọ, ẹ fi bíi mẹ́wàá kún un bí yàrá yín l’Ékòó bá jẹ́ 32°C. Eruku ọyẹ́ tún ń dí ihò kúlà. Kò sì yẹ kéèyàn tún BIOS kọ, ìyẹn kó gbé ẹ̀dà tuntun sí i, nígbà tí iná ń ṣe ségesège, àfi tí UPS tàbí invẹ́tà bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tòkunbọ̀ ọ́fíìsì tó pọ̀ lọ́jà kì í sábà ní ètò wọ̀nyí rárá. Kí àwọn tó ń tà wọ́n má sọ fún oníbàárà pé ìmúlùyá ni wọ́n ṣe nígbà tó jẹ́ pé SSD, ìyẹn ibi ìpamọ́ fáìlì tó yára, ni wọ́n fi sí i. Ìyẹn náà ń mú kọ̀ǹpútà yára, ìlù rẹ̀ kò sì yí padà. Ìdí nìyẹn tí “ìmúyára” lásán kò fi tó.

Ọ̀kan ṣì kù tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò: “Load-Line Calibration”. Bí iṣẹ́ ńlá bá já lu prọ́sẹ́sọ̀, fóltéèjì máa ń wálẹ̀ díẹ̀; ètò yìí ló ń gbé e ró. Mo dá “ìgbéró fóltéèjì” lábàá. Ẹ má ṣe tú ìpele rẹ̀ sí “kékeré” àti “ńlá” nípa wíwo nọ́ńbà nìkan, torí nọ́ńbà tó ga ló lágbára jù lórí bọ́ọ̀dù ASUS, nígbà tó jẹ́ pé Level 1 ló lágbára jù lórí ti ASRock. Ẹni tó bá kọ “ìgbéró kékeré” sí Level 1 ASRock ti gbé èyí tó le jù lé oníbàárà lọ́wọ́, fóltéèjì yóò sì máa fò kọjá ààlà ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bá ṣàdédé dáwọ́ dúró. “Ìgbéró líle” àti “ìgbéró rírọ̀” ni mo rò pé ó dára jù, kí a kọ nọ́ńbà ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.