Iná tí ẹ̀gbọ́n mi rí lójú ọ̀run láago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí: ṣé kó kọ ọ́ sílẹ̀?

Àbúrò Awakọ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Sátidé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń wa bàálù akẹ́rù lóru. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ń bọ̀ láti Dakar sí Èkó. Wọ́n ti ń sún mọ́ Accra, imú bàálù kọjú sí ìlà oòrùn, wọ́n wà ní 37,000 ẹsẹ̀ bàtà, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí sì ti lù ní aago tiwa. Ló bá rí iná kan tó tàn yòò níwájú, lápá òsì díẹ̀, kò ga púpọ̀ ju ibi tí ọ̀run ti pàdé ilẹ̀ lọ. Ó mọ́lẹ̀ ju ìràwọ̀ èyíkéyìí lọ. Ó tàn, ó kú. Kò pẹ́, òmíràn tàn nítòsí ibẹ̀, òun náà kú. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ní ṣe ló dà bíi pé wọ́n ń rà bàbà yípo bí àwòdì. Ó bi àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀ bóyá bàálù kankan wà níwájú wọn, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan lójú rédà.

Nígbà tí wọ́n balẹ̀, ó sọ ọ́ fún kápítéènì kan tó jù ú lọ níbi iṣẹ́. Ìyẹn ní kó gbẹ́nu dákẹ́, pé bó bá fi kọ̀wé, wọ́n á ní kó lọ ṣàyẹ̀wò orí, ìwé àṣẹ tó fi ń wa bàálù á sì wọ wàhálà. Láti ìgbà náà kò fẹ́ ká dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ẹni tí ń bù mọ́ ọ̀rọ̀. Bó bá ní òun rí iná, iná ló rí.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń wádìí irú nǹkan báyìí ní tòótọ́, àbí orí YouTube nìkan ló mọ? Ṣé kó kọ ọ́, àbí kó jẹ́ kó tán síbẹ̀?

Ará Ìṣẹ́yìn

Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé òun nìkan kọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 2004, David Fravor, ọ̀gá ikọ̀ bàálù ogun kan nínú iṣẹ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà, rí ohun funfun kan lórí òkun níwájú San Diego. Kò ní ìyẹ́, kò ní ẹ́ńjìnnì tó hàn síta, gígùn rẹ̀ tó 40 ẹsẹ̀ bàtà, ó rí roboto, ó sì gùn gbọọrọ bíi suwíìtì Tic Tac. Bàálù méjì ni wọ́n gbé jáde, àwọn mẹ́rin tó wà nínú wọn ló sì rí i, lójú ọ̀sán gangan. Àwọn tó ń wo rédà nínú ọkọ̀ ogun USS Princeton ti ń rí ohun tí wọn ò mọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Ọdún 2017 ni gbogbo ayé tó gbọ́. Ní oṣù Keje 2023, Fravor jókòó níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà, ó búra, ó sì tún un sọ bó ṣe rí i.

Kí wá ni ẹ̀gbọ́n yín ń bẹ̀rù? Kó sọ ọ́ sókè, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ìràwọ̀ ló rí.

Bàbá Ojú Ọjọ́

Ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ kọ ọ́ lónìí, kó má sun lé e. Jẹ́ kí n sọ ohun tó mú mi sọ bẹ́ẹ̀.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ojú ọjọ́ ní pápákọ̀ òfuurufú. Àwa la máa ń sọ fún àwọn awakọ̀ bí ìjì ṣe rí lọ́nà tí wọ́n ń lọ, bí wọ́n bá sì dé, àwọn náà á sọ ohun tí wọ́n bá pàdé fún wa. Lóru ọjọ́ kan ní àsìkò òjò ọdún 1983, kápítéènì kan wọlé bá mi. Irun rẹ̀ ti funfun tán. Ó ní òun rí ìjì ńlá kan lọ́nà jíjìn, ìkùukùu rẹ̀ ń kọ mànàmáná, bó ṣe ń kọ ọ́ ni iná pupa yọ lókè ìkùukùu náà, ó lọ sókè, kì í ṣe sísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun rí i. Ó yí ìwé ojú ọjọ́ tí mo fún un nírọ̀lẹ́ padà, ó fi bírò ya nǹkan náà sí ẹ̀yìn rẹ̀: orí rẹ̀ ṣù, tín-ín-tìn-ìn gígùn ń já wálẹ̀ lára rẹ̀, bí ìgbálẹ̀ tí a fi okùn so rọ̀. Ó kọ "pupa" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fà á nílà.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ dé ni. Mo ní, "Ọ̀gá, mànàmáná kì í gòkè. Ẹ ti ṣiṣẹ́ jù, ẹ lọ sùn." Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó fi ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ní ó dàárọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kó o dà nù pẹ̀lú àwọn ìwé àná yòókù.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, lóṣù Keje 1989, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Minnesota ń dán kámẹ́rà kan wò tí ń rí ìmọ́lẹ̀ tó kéré jọjọ. Wọn ò wá mànàmáná rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo fídíò náà, iná kan yọ lókè ìjì tó wà lọ́nà jíjìn. Ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ C. T. R. Wilson ti sọ ọ́ láti nǹkan bí ọdún 1925 pé irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ní 1994, àwọn ará Yunifásítì Alaska gbé bàálù lọ wá a, wọ́n sì fi kámẹ́rà aláwọ̀ yà á. Pupa ni. Nǹkan bíi kìlómítà 50 sí 90 ló wà sókè, kí ojú tó ṣẹ́, ó ti lọ. Sprite ni wọ́n sọ ọ́. Ó ti pé ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn awakọ̀ ti ń rí i, àwọn tó sọ ọ́ ò rẹ́ni gbà wọ́n gbọ́, àwọn tó kù sì pa á mọ́ra.

Inú ìwé ìròyìn kan ni mo ti rí àwòrán rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìgbálẹ̀ ni, ìgbálẹ̀ pupa tí wọ́n so rọ̀. Ó ti pẹ́ tí kápítéènì yẹn ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, n kò rí i títí dòní láti tọrọ àforíjì. Ìjì ilẹ̀ wa lágbára, àsìkò òjò wa gùn. Iwájú mi lórí tábìlì yẹn ni ẹ̀rí wà, ọjọ́ rẹ̀ àti aago rẹ̀ wà lójú ìwé kan náà, mo sì fi ọwọ́ ara mi dà á sínú garawa ìdọ̀tí. Ó ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ará Ìṣẹ́yìn, n kò bá ọ jà lórí Fravor. Ṣùgbọ́n má sọ fún awakọ̀ pé kó má gbà pé ìràwọ̀ lòun rí. Àwọn bàbá wa ní àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni, àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Àgùàlà yìí ló máa ń tan àwọn awakọ̀ jẹ jù. Lóṣù Kínní 2011, bàálù kan ń ti Toronto lọ sí Zurich lóru, igbákejì awakọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Wọ́n ní bàálù ológun kan ń bọ̀ níwájú. Àgùàlà ló kọ́kọ́ rí tó pè ní bàálù náà. Nígbà tó wá rí bàálù gan-an, ó dà bíi pé ó ń já bọ̀ lé wọn lórí, ló bá ti imú bàálù sísàlẹ̀. Àwọn 16 ló fara pa nínú ọkọ̀. Kì í ṣe òpùrọ́, kì í ṣe aláìmọṣẹ́. Bí èèyàn bá tẹjú mọ́ iná kan ṣoṣo nínú òkùnkùn, iná náà á dà bíi pé ó ń rìn, bó tilẹ̀ dúró gbọn-in. Wọ́n máa ń kọ́ àwọn awakọ̀ ní èyí, síbẹ̀ ojú ń ṣe iṣẹ́ ojú.

Nítorí náà, kí ẹ̀gbọ́n rẹ má kọ ohun tó rò pé ó jẹ́. Kó kọ aago, ibi tí wọ́n wà, ibi tí imú bàálù kọjú sí, àti ibi tí iná náà wà lójú gíláàsì. Kó di ẹ̀ṣẹ́, kó na apá rẹ̀ gbọọrọ, kó fi wọn bí iná náà ṣe ga sí ibi tí ọ̀run ti pàdé ilẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ kan tó nǹkan bíi dígíírì 10. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan fi tàn? Àti pé ẹni kejì tó jókòó tì í ńkọ́? Kí òun náà kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n tó jọ sọ ọ́, nítorí bí ẹni méjì bá ti jọ sọ nǹkan tán, ẹ̀rí kan ṣoṣo ló kù.

Ọmọ Físíìsì, Leeds

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ìwé yẹn ká mi lára bí mo ṣe ń kà á.

Àbúrò Awakọ̀, ohun tí mo fura sí rèé. Sátẹ́láìtì Starlink, àwọn tí wọ́n fi ń pín íntánẹ́ẹ̀tì láti òkè, ń fò ní nǹkan bíi kìlómítà 550 sókè, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló sì wà níbẹ̀ láti 2019 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn lọ. Oòrùn ò tíì yọ fún ẹ̀gbọ́n yín, ṣùgbọ́n níbi tí àwọn yẹn ga dé, ó ti ràn sí wọn lára. Ikùn wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń dán. Bí ọ̀kan bá dé ibi kan pàtó lókè apá ibi tí oòrùn wà lábẹ́ ilẹ̀, á kọ mọ̀nà bíi dígí, á kọjá, òmíràn á sì dé ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iná náà fi ń tàn níbì kan náà ṣáá, tó sì ń dà bíi pé nǹkan kan ló ń yípo. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ lágbàáyé ló ti jábọ̀ irú rẹ̀. Ìdájí tí ilẹ̀ ku bíi wákàtí méjì ààbọ̀ kí oòrùn yọ, tí wọ́n kọjú sí ìlà oòrùn: ó bá a mu. Àmọ́ n kò ní búra sí i láìrí ọjọ́ àti ibi tí wọ́n wà. A lè ṣírò ibi tí sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan wà ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, bí ẹ bá lè rí i gbà fún wa.

Ní ti ìbéèrè yín àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń wádìí rẹ̀. Iṣẹ́ ológun òfuurufú Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí kan lórí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ títí di 1969, Project Blue Book ni wọ́n pè é. Nínú ìròyìn 12,618, 701 ni wọn ò rídìí rẹ̀. Àjọ òfuurufú ilẹ̀ Faransé ní ọ́fíìsì kan ní Toulouse láti 1977, GEIPAN ni wọ́n ń pè é báyìí, wọ́n sì ń kó fáìlì wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo èèyàn. Ní Okúdù 2021, ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìròyìn 144 yẹ̀ wò, ẹyọ kan péré ni wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí: bàlúùnù ńlá kan tí afẹ́fẹ́ ń jò lára rẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, NASA kó àwọn onímọ̀ 16 jọ, David Spergel ni alága wọn, àbọ̀ wọn jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2023. Wọn ò rí ẹ̀rí pé nǹkan kan ti ayé mìíràn wá. Ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ ni pé àkọsílẹ̀ tó wà nílẹ̀ ò kún tó, àti pé ìtìjú ń pa àwọn awakọ̀ lẹ́nu mọ́. Wọ́n ní ká lo ètò ìjábọ̀ tí NASA ti ń bójú tó láti 1976, tí awakọ̀ fi ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìsí pé wọ́n dárúkọ rẹ̀ síta.

Àwọn náà ṣe ohun kan tí mo fẹ́ràn gan-an. Fídíò GOFAST wà, tí awakọ̀ ológun yà ní 2015: nǹkan kan ń sá lórí òkun bí ọta ìbọn. Nọ́ńbà wà lójú fídíò náà: gíga bàálù, igun kámẹ́rà, jíjìn sí nǹkan náà. Èmi náà ti fi bírò àti ìwé ṣírò rẹ̀. Bàálù wà ní 25,000 ẹsẹ̀ bàtà, nǹkan náà wà ní nǹkan bí 13,000. Kò sí lójú omi rárá! Bàálù tó ń sáré ló mú kó dà bíi pé òun ló ń sá, bí igi etí ọ̀nà ṣe ń sá sẹ́yìn fún ẹni tó wà nínú mọ́tò. Ìṣirò NASA fún un ní bíi máìlì 40 ní wákàtí kan, afẹ́fẹ́ lásán lè gbé nǹkan lọ bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lójú fídíò ló jẹ́ ká mọ̀.

Ará Ìṣẹ́yìn, ti Fravor ò rí bẹ́ẹ̀. N kò lè sọ pé Starlink ni, 2004 ni, ọ̀sán sì ni. Mo gbà pé wọ́n rí nǹkan. Ṣùgbọ́n a ò ní àkọsílẹ̀ rédà ọkọ̀ Princeton lọ́wọ́, fídíò tó sì wà, àwọn awakọ̀ mìíràn ló yà á nígbà tó yá lọ́jọ́ náà. Kò sí nọ́ńbà tí mo lè fi bírò lé lórí.

Ará Ìṣẹ́yìn

Mo gbọ́, ẹ ṣé. Bàbá, mo tọrọ àforíjì bí mo ṣe sáré sọ̀rọ̀. N kò gbọ́ nípa mànàmáná pupa yẹn rí.

Àbúrò Awakọ̀

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá, ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ wà ní Leeds. Mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá sí ẹ̀gbọ́n mi létí lórí fóònù. Ó dákẹ́ lọ títí tí mo fi rò pé fóònù ti gé. Ó wá ní, "Ka ti ìgbálẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ó ti kọ ọ́. Ó gba fọ́ọ̀mù ìjábọ̀ ààbò níbi iṣẹ́ wọn, ó kọ aago, ó kọ ibi tí wọ́n wà, ó fi ẹ̀ṣẹ́ wọ̀n ọ́n bí Bàbá ṣe wí: ó dín díẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ́ kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tàn tó ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́wàá. Ó pe igbákejì rẹ̀, kò sọ nǹkan kan fún un, ó ní kó kọ tirẹ̀ wá. Ìyẹn ti kọ tirẹ̀ sínú fóònù lóru ọjọ́ yẹn gan-an, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Aago wọn bá ara mu, apá ibi tí wọ́n rí i náà bá ara mu. Ẹ̀gbọ́n mi ka mọ́kànlá, igbákejì rẹ̀ ka mẹ́jọ. Àwọ̀ ni wọn ò fohùn ṣọ̀kan lé lórí: ẹ̀gbọ́n mi ní funfun ni, ìyẹn ní ó máa ń pọ́n díẹ̀ kó tó kú. Wọ́n fi méjèèjì ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò yí tirẹ̀ padà.