Oṣù márùn-ún ni mo fi ta «cousin» kí n tó mọ̀

Káfíńtà Àjàṣẹ́:

Ẹ̀yin ará mi, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Àga ni mò ń kàn, mo sì ń rán tìmùtìmù. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Benin níbí. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan bá mi ṣe ìkànnì sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ya àwòrán iṣẹ́ mi, ó wo nọ́ńbà mi lára pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù kọ sí i, Faransé ló sì fi kọ gbogbo rẹ̀, torí àwọn oníhòtẹ́ẹ̀lì Kútọnu ni mò ń fojú sùn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo kà á kí n tó ní kó gbé e jáde. Ó dùn ún wò.

Oṣù márùn-ún, aago kò dún. Ìgbà tó yá ni obìnrin kan tó ń rajà fún hòtẹ́ẹ̀lì kan pè mí. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé: «Ọ̀gá, ṣé ẹ wà lóòótọ́, àbí gaïman, oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni yín?» Mo búra fún un. Ó ní kí n lọ wo ohun tó wà lábẹ́ àwòrán tìmùtìmù mi: «Cousins, 7 500». S kan ṣoṣo! Coussin ni tìmùtìmù. Cousin, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni ni. Obìnrin náà ní, «Mọ̀lẹ́bí ti pọ̀ jù nílé wa, mi ò lè tún fowó ra òmíràn kún un.» Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà bá a rẹ́rìn-ín, àṣé ó ti gbé iṣẹ́ ogójì tìmùtìmù fún ẹlòmíràn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: 300 000 sẹfà.

Èyí tó ká mi lára jù ni pé mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, n kò rí i. Bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò wa ló là mí lójú. Ó ní bí s kan bá dá dúró láàárín fáwẹ̀lì méjì, z ni Faransé ń pè é. Yorùbá kò kúkú ní z. Lẹ́nu tèmi, ọ̀kan náà ni méjèèjì, bó sì ṣe wà lẹ́nu mi ni ojú mi ṣe ń kà á. Kọ̀ǹpútà tó máa ń fa ìlà pupa sábẹ́ àṣìkọ pàápàá kò fa nǹkan kan, torí ọ̀rọ̀ gidi ni cousin lójú tirẹ̀. Tìmùtìmù méjì ni mo fi dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, wọ́n sì bá mi ka gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Àṣìkọ mọ́kànlá ni wọ́n tún bá níbẹ̀.

Ta ni irú rẹ̀ ti ṣe rí?

Ìyá Ẹlẹ́ja:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Tiyín ṣì dáa. Ẹja yíyan ni mò ń tà, «poison fumé» ni wọ́n kọ fún èmi. Poisson ni ẹja, poison ni májèlé! S kan náà yẹn ló ṣe èmi náà.

Ọmọ Elégbòogi, Ṣábẹ̀ẹ́:

Ẹ fi Faransé sílẹ̀, Yorùbá gan-an ló ṣe mí. Àgbo ibà àti àgbo jẹ̀dí ni ìyá mi ń tà. Mo kọ ọ́ gàdàgbà láìfi àmì ohùn sí i: «Agbo wa, 2 000». Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan. Láti ìdájí ni aago ti ń dún, inú mi ń dùn, mo ní ibà ti gbòde. Ọkùnrin kan ní òun fẹ́ méjì, kí méjèèjì níwo. Mo ní ìwo kẹ̀? Ó ní bí kò bá níwo, ká yáa dín owó rẹ̀ kù. Àgbò 2 000 sẹfà, ta ni kò ní pè? Ẹnì kan tilẹ̀ gun zémijan, ọ̀kadà tiwa, wá, okùn lọ́wọ́. Ìyá mi fún un ní ìgò àgbo jẹ̀dí kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ó gbà á, ó sì ń bínú lọ.

Aláṣọ Òkè, Kétu:

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ àmì, ìkọsílẹ̀ wo gan-an ni ká fi kọ ọ́? Ti Benin ni wọ́n fi kọ́ mi: ɛ, ɔ, sh, kp, èyí tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1975, tí wọ́n sì tún yẹ̀ wò ní 1990 àti 2008. Mo kọ «ɛ kpè wá», oníbàárà kan láti Èkó ní kí n lọ kọ́ Yorùbá. Èmi, ọmọ Kétu, tí ilé bàbá mi kò jìnnà sí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa! Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ «aṣọ» kò ní bá «ashɔ» mi pàdé, lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí. Mo wá kọ ọ́ ní ọ̀nà méjèèjì. Iṣẹ́ di méjì, àmọ́ n kò ní pa ɔ mi rẹ́.

Onígààrí:

Ẹ má bínú sí mi o, ẹ ti ń sọ ọ́ di ńlá jù. Àṣìkọ kún tèmi bí òkúta inú ìrẹsì, gààrí mi sì ń tà. Ohùn ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ohùn ni mo fi ń fèsì. Nọ́ńbà fóònù nìkan ni kò gbọdọ̀ ní àṣìkọ. Nígbà tí wọ́n fi 01 síwájú nọ́ńbà gbogbo wa ní 30 oṣù kọkànlá 2024, tí ẹyọ mẹ́jọ di mẹ́wàá, mo gbàgbé láti tún tèmi kọ. Ìyẹn ló fẹ́ pa ọjà mi.

Káfíńtà Àjàṣẹ́:

Àbúrò, ẹni tó ń ra gààrí ti mọ̀ ẹ́ láti ọjà. Àwọn oníhòtẹ́ẹ̀lì kò rí mi rí, ohun tí mo kọ nìkan ni wọ́n rí.

Ṣùgbọ́n ti nọ́ńbà yẹn… mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo tèmi ni. Ẹyọ mẹ́jọ! Ara pátákó àtijọ́ ni ọmọ yìí ti wò ó kọ. Abájọ tí aago kò fi dún. Obìnrin yẹn ló fúnra rẹ̀ fi 01 sí i kó tó pè mí. Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n pe ọmọ náà.