Báwo ni mo ṣe máa ya ayò sínú ìtàn alàwòrán tí eré náà á fi hàn?

Gègé Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Àwòrán ni mò ń yà jẹun, n'Íbàdàn níbí. Ìtàn olójú-ewé mẹ́jọ kan ló wà lọ́wọ́ mi báyìí, ti ìyá àgbà kan tó ń ta ayò lábẹ́ igi ọdán, tí kò sí ọkùnrin ládùúgbò tó lè pa á láyò. Mo ti rí ojú ìyá náà yà, mo rí gèlè ẹ̀ yà, kódà áṣáà tó fi sétè hàn kedere. Ojú ewé karùn-ún ló dá mi dúró, níbi tóun àti télọ̀ ti kojú ara wọn. Bí mo ṣe ń ya ọpọ́n, ńṣe ló kàn ń jókòó síbẹ̀ bí àga. Ẹni tó bá wò ó ò lè mọ ẹni tó ń jẹ.

Ayò leré tí mo fẹ́ràn jù, Whot ló tẹ̀ lé e. (Lúdò ò wù mí. Dáìsì ló ń ta á, kì í ṣèèyàn.) Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n ya ọmọ ayò inú ilé kọ̀ọ̀kan lórí ọpọ́n kó pé, àbí kí n kàn da nǹkan róbótó-róbótó sí i?

Bàbá Ọ̀ta:
Àbúrò, má dán an wò! Ilé méjìlá, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin, 48 ni. Ẹni tó mọ ayò á ka ọmọ ẹ kó tó ka ọ̀rọ̀ tó o kọ. Má sì ya gbogbo eré. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni kó o yà. Jẹ́ kí ìyá ní mẹ́rin nínú ilé kẹrin, tá a bá kà á láti òsì ẹ̀. Ó kó o, ó fi ọ̀kan sí ìkarùn-ún, ọ̀kan sí ìkẹfà, ó yí bọ́ sọ́dọ̀ télọ̀. Ilé àkọ́kọ́ níbẹ̀ ní ọ̀kan tẹ́lẹ̀, ó di méjì. Ìkejì ní méjì, ó di mẹ́ta, ibẹ̀ lọmọ tán sí. Ó jẹ mẹ́ta, ó tún padà sẹ́yìn jẹ méjì. Márùn-ún nìyẹn lọ́wọ́ kan!

Ọmọ ayò gidi láwọ̀ eérú, ó sì ń dán. Má kùn ún ní dúdú. Fi àwọn òǹwòran sí i pẹ̀lú, àwọn ló ń pariwo "Ọ̀pè!" (ẹni tí ò mọ ayò ta) ju ẹni tó ń ta á lọ.

Ìyá Ìbejì Peckham:
Bàbá ti sọ tayò tán. Whot ni tèmi. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, William Henry Storey, ló ṣe é ní 1935, síbẹ̀ àwọn Òyìnbó tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ò mọ̀ ọ́n, èmi ni mò ń kọ́ wọn. Ó sì rọrùn láti yà: róbótó, onígun mẹ́ta, onígun mẹ́rin, àgbélébùú, ìràwọ̀. Ya ẹni tó ti pe "last card" tó ń yọ̀, kí ẹnìkan wá já 14 lulẹ̀, "general market!", kóun náà tún lọ mú káàdì. Ojú ẹ̀ yẹn gan-an ni kó o yà.

Ọmọ Pẹ́ńsù:
Gègé, ibi tó o dúró sí ló ń dà ọ́ láàmú. Tó o bá dojú kọ ìyá yà á, ọ̀tún ìyá lòsì òǹkàwé. Ọwọ́ ìyá á máa lọ síbì kan, ojú ẹni tó ń kàwé á máa lọ síbòmíì. Lọ dúró lẹ́yìn èjìká ẹ̀, ọwọ́ àti ojú á jọ máa lọ sápá ọ̀tún. Àpótí àwòrán kìíní, ọwọ́ wọlé kẹrin. Ìkejì kó gùn, "kó, kó, kó, kó", ẹ̀ẹ̀mẹrin péré. Ìkẹta, ojú télọ̀ nìkan, má fi ọpọ́n sí i. Akinọlá Láṣekàn tó yàwòrán fún ìwé ìròyìn West African Pilot láyé ìjọsí, àwòrán kan ṣoṣo ló fi ń bá ìjọba Òyìnbó jà. Ojú èèyàn tó.

Gègé Mọ́kọ́lá:
Ọmọ Pẹ́ńsù, o ṣé jàre, ẹ̀yìn èjìká ni mo mú. Mo fọwọ́ ta á lórí ọpọ́n, ó rí bí Bàbá ṣe wí. Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé, Whot á ní ìtàn tiẹ̀. Bàbá mi, ilé mẹ́sàn-án tó kù ńkọ́? Mélòó ni kí n fi síbẹ̀?

Bàbá Ọ̀ta:
Ìyá ti jẹ 20, télọ̀ jẹ 11, ọpọ́n ku 17. Ilé ìyá láti òsì: òfo, 1, òfo, 4, 2, òfo. Ti télọ̀, bẹ̀rẹ̀ látibi tí ọwọ́ ìyá ti ń yí wọlé: 1, 2, òfo, 5, òfo, 2. Tó bá jẹ márùn-ún yẹn, ó di 25, ó ti ju ìdajì 48 lọ, télọ̀ lè dìde máa lọ rán aṣọ. Fi ránṣẹ́ sí mi kó o tó tẹ̀ ẹ́, mo máa kà á.