Màámi ń gbàgbé nǹkan: ṣé ọjọ́ orí ni, àbí oúnjẹ?

Ọmọ Aládìírẹ
Ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ màámi ló gbé mi dé ibí. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n, ó sì ti lé ní 40 ọdún tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Wọn kì í kọ gbèsè sínú ìwé. Orí wọn ni ìwé: ẹni tó gba yáàdì márùn-ún, ẹni tó san àbọ̀, ẹni tó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé. Láti bí oṣù mẹ́fà, wọ́n á gba owó lọ́wọ́ oníbàárà tán, wọ́n á tún bi í pé owó àwọn dà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n dúró ti ìkòkò aró, aṣọ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí n rán àwọn létí ohun tí àwọn fẹ́ ṣe. Ẹ̀yìn ilé ni mo lọ sunkún sí.

Wọn ò túra ká mọ́. Wọ́n á jókòó láti àárọ̀, wọn ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Wọ́n tún ní àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn kú, bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀.

Wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà, ọdún kẹsàn-án rèé tí wọ́n ti ń lo metformin, oògùn ṣúgà. Ó sì ti tó ọdún mẹ́rin tí ẹnìkan ti sọ fún wọn pé ẹran, ẹja àti ẹyin ò dáa fún àgbàlagbà. Wọ́n pa gbogbo ẹ̀ tì. Láfún àti ewédú lásán, láràárọ̀ lálaalẹ́. Ẹ̀gbá ni wá, mi ò lè bú láfún láéláé, àmọ́ ewédú tí ò rí ẹja ṣawa rí!

Ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ orí ni. Aládùúgbò wa ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Ṣé oúnjẹ lè ṣe ọpọlọ báyìí?

Màmá Nọ́ọ̀sì, Ìdí-Àbà
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ó lè ṣe é dáadáa. Kí ẹ tó dárúkọ ayé, ẹ wo abọ́ tí wọ́n fi ń jẹun.

Fítámì kan wà tó ń jẹ́ B12. Inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ló ti ń wá. Kò sí nínú láfún, kò sí nínú ewédú. Ẹ̀dọ̀ máa ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ fún ọdún mélòó kan, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá jáwọ́ lónìí kò fi ní rí nǹkan kan lọ́la. Metformin tí èèyàn bá lò pẹ́ kì í jẹ́ kí ìfun gbà á dáadáa, ikùn àgbà fúnra rẹ̀ sì ti rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pàdé lára ìyá rẹ.

Ṣé o mọ wáyà iná tó ní rọ́bà lára? Iṣan tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé e bọ̀ láti ọpọlọ náà ní irú rọ́bà bẹ́ẹ̀. Tí B12 bá wọ́n, rọ́bà yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ẹsẹ̀ á kú, èèyàn á máa gbàgbé, inú rẹ̀ á rẹ̀wẹ̀sì.

Gbé wọn lọ sí ọsibítù lọ́sẹ̀ yìí, kí o ní kí wọ́n yẹ B12 wò nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Má dá metformin dúró o! Ṣúgà tó ga náà ń pa ẹsẹ̀. Dókítà ni yóò wo méjèèjì pọ̀. Má sì jẹ́ kó pẹ́, torí ohun tó ti bàjẹ́ pẹ́ kì í sábà padà tán.

Ìyàwó Lafẹ́nwá
Ẹ̀yin màmá, ẹ jọ̀ọ́, èmi àti ọkọ mi ń retí oyún. Ṣé oúnjẹ kan wà fún ọpọlọ ọmọ?

Màmá Nọ́ọ̀sì, Ìdí-Àbà
Bẹ̀rẹ̀ folic acid báyìí, fítámì kan ni, microgram 400 lójúmọ́. Kó tó pé ọjọ́ 28 tí oyún dúró, ibi tí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ ti ń hù ti pa dé. Ọ̀pọ̀ obìnrin ò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún nígbà náà. Iyọ̀ tó ní iodine ni kó o máa rà. Tí ọmọ bá sì ti ń jẹun, má fi ògì lásán bọ́ ọ: fi ẹja, ẹ̀wà àti ẹyin sí i, torí ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó kì í lè gbájú mọ́ ìwé.

Ará Arò
Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan sí i. Nígbà tí wọ́n dá ọsibítù Arò, ọsibítù àìsàn ọpọlọ, sílẹ̀ ní 1954, Dókítà Lambo tó ń darí ìtọ́jú níbẹ̀ jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé nínú ilé àwọn ará abúlé tó yí i ká, pẹ̀lú ẹbí wọn kan tó ń se oúnjẹ fún wọn. Wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń jẹun láàárín èèyàn. Àbúrò mi ń gba ìtọ́jú lórí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Oúnjẹ ò rọ́pò oògùn rẹ̀, àmọ́ ọjọ́ tó bá dá jẹun ni kì í jẹun. Ẹ máa bá màmá yín jẹun.

Ọmọ Aládìírẹ
Ẹ ṣé gan-an, màmá. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé. B12 wọn lọ sílẹ̀ gidi gan-an, wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ ṣì kú. Wọ́n ṣì gbàgbé ibi tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí lánàá. Ṣùgbọ́n a ti jọ ń jẹun lálẹ́, mo sì ń ra ẹja ṣawa ní Kútọ̀ fún ewédú wọn. Ní Sátidé, obìnrin kan dé ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ò jẹ gbèsè kankan. Màámi gbójú sókè: “Yáàdì méjì tó kù ńkọ́, èyí aláró dúdú?” Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì san án.