Ẹsẹ̀ ọkọ mi ń kú, ìyá rẹ̀ ní wọ́n fi nǹkan lélẹ̀ fún un ni

Ìyá Rọ́fíà: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Láti ìgbà tí iṣẹ́ Iléyá ti wọlé ni àtẹ́lẹsẹ̀ ọkọ mi ti ń ṣe é bíi pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Ó ti dé orúnkún báyìí, ìka ọwọ́ náà ti ń kú. Sálúbàtà á bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò ní mọ̀. Ìyá rẹ̀ ní èmi ni mi ò tètè sọ̀rọ̀. Àbúrò rẹ̀ ti gba owó àgbo lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n yẹ ṣúgà wò, kò sí. Ẹ gbà mí.

Ará Tanke: Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?

Àfáà Kékeré: Irú èyí ju oògùn lọ. Ẹ wá àdúà sí i.

Ìyá Rọ́fíà: Bàtà ló ń ṣe, ní Gaa-Akanbi, n'Ílọrin. Kì í mu sìgá, kì í mutí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó tilẹ̀ máa ń ti fèrèsé kí eruku má baà lẹ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù.

Ará Tanke: Fèrèsé yẹn gan-an lọ̀rọ̀. Ẹ wo ara agolo gọ́ọ̀mù bóyá ẹ ó rí n-hexane, kẹ́míkà olómi tí wọ́n ń fi po gọ́ọ̀mù. Tó bá wọ ara, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di nǹkan mìíràn tó ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́. Iṣan tó gùn jù ló ń kọ́kọ́ mú, ìdí nìyẹn tó fi bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀. Bí MEK, kẹ́míkà olómi mìíràn, bá tún wà nínú rẹ̀, ó ń jẹ́ kó le sí i.

Bàbá Kẹ́míkà: Ooru tó ń jáde lára gọ́ọ̀mù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń kóra jọ sí, àpótí kúkúrú sì ni oníbàtà ń jókòó lé. Kó ṣiṣẹ́ níta, tàbí kó ṣílẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn, kí fáànù wà lẹ́yìn rẹ̀ kó máa fẹ́ ooru náà síta. Kó bu gọ́ọ̀mù díẹ̀ sínú ike kékeré, kó dé agolo padà. Kó má fi pẹtiróòlù tàbí tínà fọ ọwọ́, ọṣẹ àti omi ni.

Ìyá Ìbejì: Ẹ fún un ní mílíìkì, á fọ àyà rẹ̀.

Bàbá Kẹ́míkà: Mílíìkì ẹ̀wẹ̀! Ikùn ni mílíìkì ń lọ, imú ni gọ́ọ̀mù ń gbà wọlé.

Ìyá Ìbejì: Kó wá lo ìbòmú nígbà náà.

Bàbá Kẹ́míkà: Ti aṣọ àti ti dọ́kítà, eruku ni wọ́n ń dá dúró. Onírọ́bà tó ní èédú nínú ni. Bó bá ti ń gbóòórùn gọ́ọ̀mù nínú rẹ̀, èédú ti kún, kó pààrọ̀ rẹ̀. Tí kò bá lò ó, kó dì í sínú nílọ́ọ̀nù.

Ará Tanke: Ẹ mú fọ́tò agolo náà lọ UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, kí ẹ sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún dọ́kítà kí ẹ tó sọ nǹkan mìíràn. Ẹ béèrè àyẹ̀wò iṣan ìmọ̀lára àti ti fítámì B12. Bó bá kúrò nídìí gọ́ọ̀mù, ẹsẹ̀ náà ṣì lè burú sí i fún oṣù mélòó kan kó tó máa sàn. Ẹ má torí ìyẹn dá a padà.

Ìyá Rọ́fíà: Ta ni yóò bọ́ wa tó bá kúrò? Owó ilé ló lé wa débí. Inú ṣọ́ọ̀bù náà là ń sùn, èmi, òun àti ọmọ oṣù méje. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni agolo wà.

Bàbá Kẹ́míkà: Ibo lẹ ń dáná?

Ìyá Rọ́fíà: Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Sítóòfù.

Bàbá Kẹ́míkà: Ẹ má ṣáná síbẹ̀ mọ́, ooru yẹn ń gbiná. Ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ yín lálẹ́ òní.