Èsì: "Gbòòrò" kọ́, "jù" ni

Ẹ̀yin ará ilé,

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà tí Bàbá Olùkọ́ fi ránṣẹ́ sí wa lọ́jọ́ Ajé. Mo kà á nígbà àkọ́kọ́, inú bí mi. Mo lọ jẹun, mo padà wá kà á, inú ṣì ń bí mi. Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lè bá wa lọ, ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọ́n ṣẹ̀dá nínú lẹ́tà náà ni "ìmúgbòòrò ìmìtìtì àdúgbò". Wọ́n fẹ́ kó dúró fún bí ilẹ̀ rírọ̀ ṣe ń sọ ìmìtìtì ilẹ̀ di ńlá mọ́ ìlú lórí, tí ọ̀gangan kan á wó palẹ̀, tí àwọn tó wà lórí òkè lọ́ọ̀ọ́kán kò ní pàdánù ju ife tíì kan lọ.

Ẹ má bínú sí mi o, àgbà, kí ni "gbòòrò" ń wá níbẹ̀? Ọ̀nà ní ń gbòòrò. Oko ń gbòòrò. Ohun tó gbòòrò fẹ̀ ni. Ta ló ní ó le? Ẹ sọ fún ìyá arúgbó kan ní Ìṣẹ́yìn pé ìmìtìtì gbòòrò, ohun tí yóò gbọ́ ni pé ó dé ìlú púpọ̀. Ohun tí à ń sọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdìkejì rẹ̀: ìmìtìtì tó ti rìn jìnnà, tó ti rẹ̀ ẹ́, tó bọ́ sórí ilẹ̀ kan, tí ilẹ̀ yẹn sì jí i dìde.

Ìlú Mexico ni kí a wò. Ní 19 September 1985, ilẹ̀ mì létí òkun Michoacán, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 8.0. Ibẹ̀ ju 350 kìlómítà lọ sí olú-ìlú. Àpáta tí wọ́n kọ́ yunifásítì ńlá ibẹ̀ lé, ní gúúsù ìlú, mì níwọ̀nba. Láàárín ìlú, lórí amọ̀, ẹ̀rọ tó ń wọn ìmìtìtì rí nǹkan bí ìlọ́po 5 ti orí àpáta. Ìlú kan náà, àárọ̀ kan náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló kú.

Kí ló fà á? Orí omi ni. Erékùṣù inú adágún Texcoco ni àwọn Mexica, àwọn onílẹ̀ àtijọ́, tẹ Tenochtitlan, tó di ìlú Mexico lónìí, dó sí. Nígbà tí àwọn ará Spéènì gbà á, wọ́n fa omi náà gbẹ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń kọ́lé tẹ̀lé e. Àbàtà takété bí ẹni pé kò bá odò tan! Amọ̀ abẹ́ ìlú yẹn títí di òní, omi inú rẹ̀ wúwo ju iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mélòó kan. Ẹ rántí ẹ̀kọ tó ń dì bọ̀ nínú igbá: fi ìka ta igbá, igbá á dákẹ́, ẹ̀kọ á ṣì máa mì lẹ̀gẹ̀lẹ̀gẹ̀. Nínú àpáta, sísáré ni ìgbì ìmìtìtì ń sáré. Bó ṣe wọ amọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ falẹ̀, agbára tó gbé wá kò sì rí ibi sá sí, ló bá ń ru sókè bí ìgbì òkun tó dé ibi tí omi ò jìn mọ́. Igbá àpáta tó gba amọ̀ náà sínú tún ń dá a padà, kò jẹ́ kó jáde. Ìdí nìyẹn tí mímì náà fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí èdè wa ti là mí lọ́yẹ̀ rèé, tí n kò sì rí ẹnikẹ́ni kó mẹ́nu bà á láti ọjọ́ Ajé. A ní "mì", a tún ní "fì". Ilẹ̀ ní ń mì, ilé ní ń fì. Ilé gíga ń fì pẹ́ kó tó lọ kó tó bọ̀, ilé kúkurú ń fì kíákíá. Amọ̀ Mexico náà ní tirẹ̀: níbi tó bàjẹ́ jù, ìṣẹ́jú-àáyá 2 ló ń gbà á láti lọ kó sì bọ̀. Ilé alájà 6 sí 15 ló kàgbákò jù, nítorí fífì tiwọn sún mọ́ ti ilẹ̀, bí wọ́n sì ṣe ń sán ni fífì wọn ń falẹ̀ bá ti ilẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti fi okùn ara igi fi ọmọdé rí mọ̀ pé bí a bá mọ ìgbà tó yẹ ká tì í, ìka kan tó. Àwọn ilé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ àtijọ́ dúró. Torre Latinoamericana, alájà 44, tí wọ́n parí ní 1956, òun náà dúró. Ní 19 September 2017, ọjọ́ kan náà gan-an, òmíràn tún mì wọ́n, 7.1. Èyí sún mọ́ ìlú, fífì tirẹ̀ yá, àwọn ilé kúkurú díẹ̀ sí tìṣáájú ló wá rí màbo. Ṣé "gbòòrò" lè sọ gbogbo èyí fún ẹnikẹ́ni?

Bàbá Olùkọ́ ní ọgbọ̀n ọdún làwọn fi kọ́ni ní gírámà. Mo júbà. Èmi ò kọ́ gírámà, ṣùgbọ́n mo wà ní Oakland, ní California, ní 17 October 1989 tí ilẹ̀ mì níbẹ̀. Apá òkè ìlú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Tábìlì mì, abọ́ méjì fọ́, a ń bú ara wa láti fi tújú ká. Nísàlẹ̀, níbi tí ẹrẹ̀ etí omi wà, títì olókè méjì tí wọ́n ń pè ní Cypress ti wó lé ọkọ̀ lórí: ènìyàn 42, nínú 63 tó kú lápapọ̀ lọ́jọ́ náà. Ibi tí ilẹ̀ ti sán sì tó nǹkan bí 100 kìlómítà sí wa. Apá ibi tí títì yẹn ti kọjá lórí ẹrẹ̀ ló wó. Apá tó wà lórí ilẹ̀ tó dì dúró. Gbogbo ẹ̀ la sì ń pè ní West Oakland. Nítorí náà, Bàbá, "àdúgbò" wo lẹ ń sọ? Àdúgbò ní baálẹ̀, ó ní ẹgbẹ́ onílé, ó ń san owó ọdẹ. Mi ò gbọ́ ọ rí pé ó ń mú ilẹ̀ mì.

Bàbá tó bí mi, bíríkìlà ni wọ́n ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ìpìlẹ̀, wọn á fẹsẹ̀ kilẹ̀ gbì gbì, wọn á dákẹ́. Nígbà mìíràn wọn á ní, "Ìwà ilẹ̀ ibí yìí ò dáa." Ó parí nìyẹn, onílé á wá owó òkúta sí i. Lọ́dún 1984 tí ilẹ̀ mì lọ́hùn-ún, lẹ́tà ni wọ́n fi sọ fún mi: "Ilẹ̀ gbọ̀n, abọ́ ń dún nínú kọ́bọ́ọ̀dù." Kò sí "ìmìtìtì" nínú lẹ́tà náà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ "ìmúgbòòrò". Àwọn tó ń sọ Yorùbá bẹ́ẹ̀ ti ń tán lọ, àwa tó kù ń fi "ìmú" bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ bí ìwé ìjọba.

Tèmi rèé. Fún gbogbo ọ̀ràn náà lápapọ̀, "ìwà ilẹ̀". Fún mímì tó lé sí i, "àmìjù". Ẹ ti mọ àṣejù, ẹ mọ àjẹjù, ẹ mọ àmujù. Agbára ọ̀rọ̀ náà wà nínú "jù", nítorí "jù" kì í dá dúró, ó gbọ́dọ̀ ju nǹkan kan lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ẹnjiníà ṣe ń wọ̀n ọ́n: amọ̀ mì ju àpáta ìtòsí lọ, ìlọ́po mélòó? "Gbòòrò" kò fi nǹkan kan wé nǹkan kan.

Ìyá Ìbejì kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀ pé "àmìjù" yóò dà bí "àmì" tó pọ̀ jù, àmì ohùn bóyá. Ẹ̀rín pa mí, nítorí òótọ́ ni: ohùn ìsàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n tún ní "mì" kan wà tó jẹ́ ti òkèlè, pé ẹni tó gbé iyán ńlá mì lè ní àmìjù ń ṣe òun. Ẹ jẹ́ kó máa ṣe é. Bí a bá ní ká sá fún gbogbo ọ̀rọ̀ tó ní ìkejì, a ò ní sọ̀rọ̀ mọ́ nínú èdè yìí.

Bọ̀dá tó ní ká fi "ìsẹ̀lẹ̀" inú Bíbélì sílẹ̀ bó ṣe wà, mo gbà fún yín, orúkọ rere ni fún mímì fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi àmì sábẹ́ s lórí fóònù? Ẹ tẹ "isele" wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìròyìn ìjà ọjà àti ìgbéyàwó ni yóò dà lé yín lórí. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé ọ̀kan náà ni "ìsẹ̀lẹ̀" àti "ìṣẹ̀lẹ̀" láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. A ti jà á lọ́dún tó kọjá, ẹ kò mú ẹ̀rí wá.

Ó ku ọmọ wa tó kọ "ìyọ́lẹ̀" fún yanrìn tó ń di omi. Ọmọ mi, iná ní ń yọ́ nǹkan: òrí ń yọ́, ìda ń yọ́. Yanrìn tí wọ́n fi kún etí omi ní Marina, San Francisco, ní 1989, iná kankan ò kàn án. Omi ló kún àárín ẹyọ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ gbọ̀n ọ́n, àwọn ẹyọ náà ò fara ti ara wọn mọ́, omi ló wá ń ru ilé. Ní Niigata, ní Japan, tí ilẹ̀ mì ní 1964 ẹ̀wẹ̀, odidi ilé alájà fẹ̀yìn lélẹ̀ láìfọ́. Bóyá "yọ̀", bóyá "rì", mi ò tíì mọ̀. Ìyá Ìbejì ní "ìsọdomi". "Ìsọ" yẹn ló ń dà mí láàmú, ta ló sọ ọ́ domi? N ó padà wá sórí rẹ̀ bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé.